Ètò Obìnrin Lórí Rédíò: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Gbọ́ Ọ?

Ọ̀rọ̀ tí a kọ fún kíkà sí etí ìgbọ́ ní iyàrá ìkàwé Ìta-Ògbólú àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ó wà nínú ilé olúkúlùkù, lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tàbí nínú àpò ṣòkòtò. Ọ̀rọ̀ rédíò ni, pàápàá jù lọ irú ètò tí olóòtú rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí pé, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìyàwó ilé, àkókò tiyín ti tó." Ṣé ó ṣì yẹ kí ilé iṣẹ́ rédíò máa ya obìnrin sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn kan wí pé kò yẹ mọ́. Wọ́n ní ayé ti lajú, kò sì sí iṣẹ́ tí ọkùnrin ń ṣe tí obìnrin kò ṣe. Àwọn mìíràn ní bí a bá pa irú ètò bẹ́ẹ̀ rẹ́, ohùn obìnrin yóò parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ó dára kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ìlú London ni ó ti ṣẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1946, ilé iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Woman's Hour, èyí tí í ṣe Wákàtí Obìnrin. Ogun Hitler ti parí ní ọdún tí ó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà nígbà ogun ti padà sí ìdí ààrò, oúnjẹ sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ń wọ̀n ọ́n fún olúkúlùkù. Aago méjì ọ̀sán ni a fi ètò náà sí, nítorí a gbà pé ní àkókò náà ìyàwó ilé ti fọ àwo oúnjẹ ọ̀sán tán, àwọn ọmọ kò sì tíì ti ilé ìwé dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìrònú yẹn pamọ́ sí ọkàn, nítorí a óò padà sí i. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín ni pé ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe atọ́kùn rẹ̀. Alan Ivimey ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin ni ó jókòó tí ó ń darí ọ̀rọ̀ bí obìnrin yóò ti ṣe tọ́jú ilé! Ṣùgbọ́n ètò náà kò dúró sí ìdí ìkòkò. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ó ń sọ̀rọ̀ àìsàn obìnrin, owó, òfin àti ìṣèlú. Ní 1991 a gbé e kúrò ní ọ̀sán lọ sí òwúrọ̀. Ó ṣì wà lórí afẹ́fẹ́ títí di òní, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń gbọ́ ọ kò sì kéré níye.

Ní tiwa, ọdún 1935 ni ohùn rédíò kọ́kọ́ wọ inú ilé àwọn ará Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Wáyà ni ohùn náà ń gbà wọlé nígbà náà, a ó sì kan àpótí kékeré kan mọ́ ògiri. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa pè é, nítorí pé ó ń sọ tirẹ̀ láìdúró gba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣí tẹlifísàn WNTV ní Ìbàdàn, obìnrin sì ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn rí lórí rẹ̀, Àníkẹ́ Agbájé-Williams. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni rédíò WNBS bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ wọ ilé iṣẹ́ ìròyìn ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí obìnrin máa sọ̀rọ̀ láti inú rédíò, ọ̀tọ̀ sì ni kí obìnrin ní àyè láti gbọ́ ọ nínú ilé. Ohun ìní bàbá ni rédíò ayé ìgbà náà. Iyàrá bàbá ni ó máa ń wà, owó bàbá ni a fi ń ra bátìrì rẹ̀, ọwọ́ bàbá nìkan ni ó sì ń yí kókó rẹ̀. Obìnrin tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn a máa gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, tàbí láti ẹ̀yìnkùlé níbi tí ó ti ń lọ ata. Nígbà tí rédíò bá wá sọ pé ó kan àwọn ìyá, ìyàwó ilé rí ẹ̀tọ́ gbà láti wọlé kí ó jókòó lórí àga. Ìwúlò àkọ́kọ́ tí ètò obìnrin ní nìyẹn, kò sì kéré rárá. Ẹni tí ó bá ń fi irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí kò ronú kan iyàrá bàbá.

Ọjọ́ ti pẹ́. A dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976, kò sì pọn dandan mọ́ kí a máa dúró de ohùn láti Ìbàdàn. Ẹni tí ó wà ní Ìta-Ògbólú lè gbọ́ OSRC ti ìjọba ìpínlẹ̀, ó lè gbọ́ Positive FM ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ó sì lè gbọ́ Adaba FM láti Ìlárá-Mọ̀kín. Rédíò ti kúrò ní iyàrá bàbá. Ó wà nínú fóònù tí ìyá oníṣu àti ọmọ rẹ̀ ń lò, ó wà nínú ọkọ̀ tí ń sáré láti Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun. Kò sí ògiri kankan mọ́ láàárín ohun tí a sọ fún obìnrin àti ohun tí ọkùnrin lè gbọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì pàápàá ti ń gba èsì báyìí, nítorí ẹni tí ó bá ní owó ìpè nínú fóònù lè pe olóòtú kí ó sì dá sí ọ̀rọ̀. Ẹ tẹ́tí sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ ka iye ohùn ọkùnrin àti iye ohùn obìnrin tí ó wọlé. Ìṣirò yẹn kò le.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì ti rí báyìí, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé kan, irú èyí tí ó pọ̀ ní agbègbè wa. Àgbẹ̀ kòkó ni ọkọ. Ìyàwó ń ṣe gàrí, oyún oṣù mẹ́jọ sì wà nínú rẹ̀. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ètò obìnrin lórí rédíò. Ní aago mẹ́wàá, ìyàwó wà ní ìdí ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́, ariwo ẹ̀rọ náà sì ju ti rédíò mẹ́wàá lọ. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ ọjà, àwọn oníbàárà kì í jẹ́ kí ó gbọ́ràn. Ọkọ rẹ̀ ni ó wà lábẹ́ igi kòkó ní oko, tí rédíò kékeré ń bá a dá sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bí ó ti ń fọ́ kòkó. Nọ́ọ̀sì kan wà lórí rédíò ní òwúrọ̀ náà. Ohun tí nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ ni pé aboyún tí orí bá ń fọ́ gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ di ọ̀la nílé. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀ yìí, olóòtú ti kọ́kọ́ sọ pé àwọn ìyá nìkan ni a ń bá wí. Bàbá gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí kókó rédíò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Ẹni tí a pè kò sí nítòsí. Ẹni tí ó wà nítòsí, a kò pè é.

Nígbà tí BBC fi ètò tiwọn sí aago méjì ní 1946, wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè ibi tí obìnrin máa ń wà ní wákàtí náà. Ó dájú pé ìyàwó ilé ní London nígbà náà àti olùṣe-gàrí ní Ìta-Ògbólú kì í jókòó ní wákàtí kan náà. Bí a bá fẹ́ bá obìnrin ìlú yìí sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí a ti jẹun tán. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́jọ alẹ́, ọkọ náà wà nílé! Kò sí bí a ó ti ṣe bá ọ̀kan sọ̀rọ̀ tí èkejì kò ní gbọ́. Ó sàn kí ó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 2009, nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò jẹ́ gómìnà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ̀, kí aboyún àti ọmọ tuntun má baà máa kú mọ́. Ní 2010 ni a ṣí Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ní Òkè-Àró ní Àkúrẹ́. Àwọn tí wọ́n gbé ètò náà kalẹ̀ sọ pé ìdádúró ni ó ń pa aboyún, wọ́n sì ka ìdádúró náà sí mẹ́rin. Èkínní ni ìdádúró kí a tó pinnu nílé láti wá ìtọ́jú. Èkejì ni ìdádúró lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni ìdádúró ní ilé ìwòsàn kí a tó dá aláìsàn lóhùn, ẹ̀kẹrin sì ni ìdádúró nígbà tí a bá ń gbé e láti ilé ìwòsàn kékeré lọ sí èyí tí ó tóbi. Wọ́n fún aboyún ní fóònù kí ó lè pe òṣìṣẹ́ ìlera tí ń mójú tó o. Ohun rere ni èyí. Ìjọba lè tún ọ̀nà ṣe, ó lè gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́, ó lè ra ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìdádúró èkínní, inú ilé ni ó wà, ìjọba kò sì lè wọ iyàrá lọ ṣí i.

Ta ni ó ń pinnu nílé? Aboyún lè mọ gbogbo àmì ewu bí ẹni mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ ní aago kan òru, ọwọ́ ọkọ ni owó ọkọ̀ wà. Ìyá ọkọ yóò ní òun bí méje láìdé ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yóò ní kí a kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé àdúrà, kí a fi di òwúrọ̀. Ọkọ tí ó bá dákẹ́ láàárín wọn, tí ó ní kí a wo bí ilẹ̀ yóò ti mọ́, kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n ní kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá wí.

Báyìí náà ni ọ̀rọ̀ òfin rí. Ní ọdún 2021, Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ọwọ́ sí òfin tí ó lòdì sí lílu ènìyàn àti fífi ipá bá ènìyàn lò pọ̀, nínú ilé tàbí lóde. Bí a bá ṣàlàyé irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú ètò obìnrin nìkan, ẹni tí wọ́n ń lù ti gbọ́. Ẹni tí ń lu ènìyàn ńkọ́? Ẹni tí ó yẹ kí òfin dí lọ́wọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ òfin.

Àwọn ètò tí a rò pé ti ọkùnrin ni náà ní àléébù yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ètò àgbẹ̀, bàbá àgbẹ̀ ni olóòtú máa ń kí, bí ẹni pé obìnrin kò fi ọwọ́ kan ọkọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ni ó ń bó ẹ̀gẹ́, tí ó ń yan gàrí, tí ó ń sá kòkó sí oòrùn, tí ó sì mọ iye tí ọjà yóò gbà. Bí iye owó gàrí bá yí padà ní Àkúrẹ́, òun ni ó yẹ kí ó gbọ́ ṣáájú ọkọ rẹ̀. Ní ti bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má bínú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2025, àwọn obìnrin Nàìjíríà, Super Falcons, lu Mòrókò ní àmì ayò mẹ́ta sí méjì ní ìlú Rabat, wọ́n sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀kẹwàá. Rasheedat Àjìbádé ni ó jẹ́ olórí wọn. Ta ni yóò tún wí pé ètò eré ìdárayá, ti ọkùnrin ni?

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn tí wọ́n ní kí a pa gbogbo ètò obìnrin rẹ́ kò jàre. Ọ̀rọ̀ wà tí obìnrin kì í lè sọ bí ó bá mọ̀ pé àbúrò ọkọ òun lè pe rédíò lẹ́yìn òun kí ó sì fi òun ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù, ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí tí a máa ń di ẹrù rẹ̀ ru obìnrin nìkan, ọ̀rọ̀ oyún tí ó bàjẹ́ tí kò sì sí ẹni tí ó bá a sunkún. Obìnrin tí ó bá gbọ́ ohùn obìnrin mìíràn tí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láìdárúkọ yóò mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan. Ọkùnrin náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ kókó tí ó wà ní ìdí àpò ìtọ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní prostate, wà lára jẹjẹrẹ tí ó ń mú ọkùnrin ilẹ̀ wa jù lọ. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ bàbá kì í sọ pé ìtọ̀ ń ṣòro fún wọn títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Bí rédíò bá ya wákàtí kan sọ́tọ̀ ní alẹ́, kí dókítà bá àwọn bàbá sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin sí ọkùnrin, ta ni yóò ní kò wúlò?

Ìdí mìíràn tún wà, òun sì ni ìṣèlú. Nínú ìdìbò ọdún 2023, nínú sẹ́nétọ̀ 109 tí a yàn, obìnrin mẹ́ta péré ni ó wọlé. Títí di ìdìbò náà, a kò tíì dìbò yan obìnrin kan sí ipò gómìnà rí ní gbogbo Nàìjíríà. Níbi tí ohùn àwọn kan bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, kò burú kí a fún wọn ní àga tiwọn títí a ó fi gbọ́ wọn ní àwùjọ. Ní Èkó, láti ọdún 2015, Tóún Òkẹ́wálé Ṣónáìyà dá odindi ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, Women Radio 91.7. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí bí wọ́n ti ń sọ ọ́: wọ́n ní ti àwọn obìnrin àti ẹbí wọn ni. Ọ̀rọ̀ "ẹbí" yẹn kò wọ ibẹ̀ lásán.

Ohun tí ó tọ́, nígbà náà, ni kí a ya ọ̀rọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀. Èyí tí ó jẹ́ àṣírí obìnrin tàbí àṣírí ọkùnrin, kí a fún un ní wákàtí tirẹ̀. Èyí tí ó bá kan ẹ̀mí nínú ilé, bí oyún, àjẹsára ọmọ, owó ilé ìwé àti òfin, kí olóòtú má ṣe pè é ní ètò obìnrin rárá. Kí ó pe bàbá, kí ó pe ìyá, kí ó sì pe ìyá ọkọ pẹ̀lú. Ní ti bí a ti ń se ọbẹ̀, ìyá tí ó ti ń dáná láti ogójì ọdún kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀kọ́ olóòtú. Bóyá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń dá gbé ní Àkúrẹ́ ni kí a máa kọ́.

Àwọn aládùúgbò wa ní orílẹ̀-èdè Niger ti ń ṣe ohun kan tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Àjọ FAO ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ran àwọn ará abúlé níbẹ̀ àti ní Kóńgò lọ́wọ́ láti dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Dimitra sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wà, ti àwọn ọkùnrin wà, ti ọ̀dọ́ sì wà. Wọ́n a máa jókòó ti rédíò, wọ́n a jíròrò lórí ohun tí ń yọ abúlé lẹ́nu, rédíò agbègbè a sì gbé ohùn wọn jáde kí abúlé mìíràn lè gbọ́. Obìnrin tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbààgbà a ti kọ́kọ́ sọ ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi dé àárín gbogbo ìlú, ó ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

A lè dán irú èyí wò nínú iyàrá ìkàwé yìí lónìí. Kí ẹni tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí fún àwùjọ dúró níhìn-ín. Kí àwọn ìyá kó ara wọn jọ sí apá kan, kí àwọn bàbá wà ní apá kejì, fún bí ìdajì wákàtí. Kí apá kọ̀ọ̀kan dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí láìbi èkejì: ọwọ́ ta ni rédíò máa ń wà nílé yín? Aago mélòó ni ẹ máa ń ráyè jókòó tì í? Èwo nínú àmì ewu tí nọ́ọ̀sì kà lẹ́ẹ̀kan ni ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Bí ìrọbí bá mú obìnrin ní òru òní, owó ọkọ̀ dé Òkè-Àró wà níbo, ta ni yóò sì pe awakọ̀? Lẹ́yìn èyí kí apá méjèèjì padà sí àárín, kí akọ̀wé ka ìdáhùn wọn sókè, kí ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò tí ẹ ń gbọ́ jù, kí àwọn olóòtú lè mọ wákàtí tí ó bá yín lára mu. Bí ìdáhùn àwọn bàbá àti ti àwọn ìyá kò bá dọ́gba lórí ìbéèrè tí ó kẹ́yìn, kí a má ṣe tú ká títí yóò fi dọ́gba.